Wọ́n Ti Gbẹ́sẹ̀ Lé Àkáǹtì PayPal Mi Títí Láé: Ṣé £1,460 Mi Ti Lọ Nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ní 2021, mo ṣí àkáǹtì PayPal. Orúkọ mi ni mo fi ṣí i, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, ni mo lò, torí wọ́n ní ti Nàìjíríà kì í gba owó. Wọ́n tún bá mi fi VPN, tó ń fi ibi tí fóònù wà gan-an pamọ́, sórí fóònù. Kò sí wàhálà kankan títí di oṣù kejì 2025, tí àwọn kan ní Houston ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi, tí owó sì wọlé lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, mo fi NIN mi àti ìwé owó iná ilé wa ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2025, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì náà títí láé, pé £1,460 tó wà nínú rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ 180. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní òun lè bá mi ṣí i, kí n mú ₦80,000 wá. Ṣé kí n fún un? Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ má fún ọmọ náà ní kọ́bọ̀, Ìyá Aládìrẹ. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Owó yín kò tíì lọ. Àkáǹtì ló lọ, mi ò sì ní purọ́ fún yín lórí ìyẹn. Mo ka mẹ́ta nínú ìwé mọ́kànlá tí ẹ kọ sí wọn, tí ẹ fi ṣọwọ́ sí mi. Ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi, mo ní ọmọ lẹ́yìn." Kò sí ibì kankan tí ẹ ti bèèrè owó. Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ máa lé owó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó síbi tí àwọn jókòó sí, ká wo ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ yẹ àkáǹtì yín wò, kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé Peckham ni ẹ ní ẹ ń gbé. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún mẹ́rin, ó ń rí fóònù kan tó ń wọlé láàárọ̀ láti Abẹ́òkúta, tó ń wọlé lálẹ́ láti Amsterdam torí VPN, tó sì jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àbúrò yín bá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, London gidi ló ti wọlé. Owó kéékèèké ló ń bá a pàdé nígbà náà, ó sì gbójú kúrò. Àfi ìgbà tí owó mẹ́fà ya wọlé láti Houston. Ó ní kí ẹ mú ìwé wá.

Mo wo ẹ̀dà ìwé tí ẹ mú lọ. Orúkọ bàbá yín ni ẹ fi ṣí àkáǹtì, orúkọ ọkọ yín ló wà lórí NIN. Ìwé iná ńkọ́? Orúkọ bàbá onílé ló wà lórí rẹ̀, bàbá tí ẹ fúnra yín sọ fún mi pé ó ti dolóògbé. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta yóò rẹ́rìn-ín ni. Ilé mélòó ló wà lọ́dọ̀ wa tí ìwé iná rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń sanwó iná? Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lókè òkun kò mọ bàbá onílé. Obìnrin kan ló rí, tó ní Peckham lòun ń gbé, tó fi ìwé ilé Abẹ́òkúta gbè é lẹ́sẹ̀, tí orúkọ ọkùnrin sì wà lórí ìwé náà. Bí àwọn ọmọ Yahoo ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ aládìrẹ àti ọmọ Yahoo.

Mi ò dá yín lẹ́bi kọjá bó ṣe yẹ. Oṣù kẹfà ọdún 2014 ni PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà, ààbọ̀ ilẹ̀kùn sì ni: ẹ lè fi rajà, ẹ lè fi owó ránṣẹ́, ẹ kò lè gbà. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn wa kọ́ ọgbọ́n àdírẹ́sì Lesotho, ti Gúúsù Áfíríkà, àti ti àbúrò ní Peckham. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí ẹ tẹ̀ pé ẹ gbà sọ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú yín, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa jà kí wọ́n ṣí i. Ẹni tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì rẹ̀ nítorí ìwé tí kò hàn dáadáa tàbí ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣì kọ ṣì lè bẹ̀bẹ̀, kó sì yege. Ọ̀ràn tiyín kọjá ìwé kan.

Ọjọ́ 180 wá dé. Ẹ̀ ń pè é ní ìyà nínú ìwé yín. Kì í ṣe ìyà. Ẹni tó bá fi PayPal rajà ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tó sanwó láti fẹjọ́ sùn pé ọjà kò dé, tàbí pé ohun tó dé kọ́ lòun sanwó fún. Ẹni tó bá sì fi káàdì san án tún lè gba ọ̀dọ̀ báńkì rẹ̀ lọ, kí wọ́n fa owó náà padà. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti kówó lọ, àpò PayPal ni yóò ti jáde. Ni wọ́n ṣe di owó yín mú títí àsìkò ẹjọ́ yóò fi kọjá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó lè jẹ owó yín tán báyìí kì í ṣe PayPal. Àǹtí kan ní Houston ni, tó ju àdìrẹ yín sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú omi gbígbóná, tí aró ṣí, tó ba búláòsì funfun rẹ̀ jẹ́, tó wá fi ìbínú tẹ bọ́tìnnì ẹjọ́. Bó bá fẹjọ́ sùn, inú £1,460 yẹn ni wọn yóò ti yọ ọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín lónìí ni pé kí ẹ kọ̀wé sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí WhatsApp. Ẹ bi wọ́n bóyá aṣọ ti dé, bóyá ó pé, bóyá ó wù wọ́n. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, kó dá wà, kí wọ́n má sì sá a sínú oòrùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá lábùkù, ẹ bá a ṣe é kíá. Kí ẹ sì fi ìdáhùn gbogbo wọn pamọ́: "Mo ti rí i gbà, ó rẹwà" tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ, tí déètì wà lórí rẹ̀, ẹ̀rí gidi ni níwájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí ni iṣẹ́ kejì. Wọ́n ṣì ń jẹ́ kí ẹ wọlé wo àkáǹtì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ wọlé lónìí, láìlo VPN, kí ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó ti wọlé láti 2021 sórí fóònù, kí ẹ ya àwòrán ojú ewé tí £1,460 wà. Ẹ kó risíìtì tẹ́rù, ti aró, ti aládìrẹ tó bá yín pa á láró, àti ìwé ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹrù lọ sí Houston pọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpasẹ̀ ẹrù ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni gbogbo èyí wà; fóònù a máa bọ́ sómi.

Ẹ wo ojú ewé owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bóyá ààyè ìdápadà owó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ẹ lè dá owó padà fún oníbàárà, kí òun sì fi ọ̀nà mìíràn san án fún yín. Ìyá olóde ní Houston tó kó aṣọ ẹbí jọ, tí ẹ ní ó jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín, mo lè fọkàn tán an ká ní èmi ni ẹ̀yin. Àwọn yòókù tí ẹ kò mọ̀ rí, tí aṣọ ti wà lọ́rùn wọn, ẹ má dán an wò. Owó iṣẹ́ tí PayPal yọ nígbà tí owó wọlé kì í sì í padà wá, kí ẹ mọ̀ pé ẹ ó pàdánù díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ní wọn kì í dáhùn, pé ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń kọ ní gbogbo ìgbà, kò sì sọ ìdí. Òfin wà lórí ìyẹn. Ní Britain, òfin Proceeds of Crime Act ti 2002 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ owó sọ fún oníbàárà pé àwọn ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìjọba létí. Àwa náà ní irú rẹ̀ nínú òfin tó de fífọ owó mọ́ ti 2022. Kì í ṣe pé mo ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yín sùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì sọ ohun tí kò yẹ, ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ sí gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mìíràn tí mi ò ní dárúkọ. Oṣù méjì ni mo fi ń bú wọn. Ìgbà tí mo ṣíwọ́ èébú, tí mo kọ ìwé kan ṣoṣo tó ní orí àti ìdí, ni èèyàn ẹlẹ́ran ara tó fèsì.

Bí ẹ ó ṣe kọ tiyín nìyí. Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ kọ "complaint", ìyẹn ẹ̀sùn, gàdàgbà sókè rẹ̀, torí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di complaint ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún wọn. Ẹ sọ pé ẹ ti rí ìwé wọn ti ọjọ́ 3 oṣù kẹta, pé ẹ kò bá wọn jiyàn pé wọn kò fẹ́ bá yín ṣòwò mọ́. Ẹ sọ pé Abẹ́òkúta ni ẹ ń gbé, pé ti àbúrò yín ni àdírẹ́sì Peckham. Mo mọ̀ pé àyà yín yóò já níbi yìí. Kò yẹ kó já: ohun tí ẹ fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó tì í. Ẹ fi ìwé ìgbéyàwó sí i, èyí tó so orúkọ bàbá yín àti orúkọ ọkọ yín pọ̀. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ì bá ti gbà yín lọ́wọ́ ìbéèrè púpọ̀ ní oṣù kejì. Ẹ so risíìtì àti nọ́ńbà ẹrù mọ́ owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo gan-an ni ẹ ó tú owó náà sílẹ̀? Báwo ni ẹ ó ṣe san án fún ẹni tí kò ní báńkì ní Britain? Ìwé wo ni ẹ tún fẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé?

Ìbéèrè nípa báńkì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù fún yín. Báńkì tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àkáǹtì ni wọ́n ń sanwó sí. Ẹ ó fẹ́ fi ti àbúrò yín síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe é. Orúkọ tí kò báramu ló kó yín sí wàhálà, òun kọ́ ni yóò yọ yín. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ bèèrè báyìí, nígbà tí oṣù ṣì pọ̀ nílẹ̀, dípò kó jẹ́ lọ́jọ́ ìparí.

Àǹfààní kan wà nínú àdírẹ́sì Peckham yẹn ṣá o. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwọn tó fi àdírẹ́sì Britain ṣí PayPal, láti oṣù kọkànlá 2023, PayPal UK Ltd ló ń bójú tó wọn, abẹ́ FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ owó ní Britain, ló sì wà. Tẹ́lẹ̀, Luxembourg ni. Torí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn complaint tó bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ sísan owó, ó sì lè di 35 bí ọ̀rọ̀ bá le. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí wọn kò dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ owó ní Britain. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì nílò agbẹjọ́rò. Oṣù mẹ́fà ni ẹ ní láti ọjọ́ tí PayPal bá fún yín ní ìdáhùn ìkẹyìn. Kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń bá lọ síbẹ̀ o. Wọn yóò wo bóyá ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀lé àdéhùn rẹ̀, bóyá ó ṣe é bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì, àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiyín yóò dojú kọ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ọjọ́ 180 ti kọjá, owó kò jáde, wọn kò sì sọ ìdí, ẹsẹ̀ yín múlẹ̀.

Ẹ tún lè béèrè, lábẹ́ òfin ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àdáni ti Britain, pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní lórí yín fún yín. Oṣù kan ni wọ́n ní láti fèsì, kò sì sí owó lórí rẹ̀. Kò dájú pé ìdí tí wọ́n fi tì í yóò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ owó yín yóò wà níbẹ̀ ní pípé.

Ó ku ọmọ ₦80,000. Kò sí ẹni tó jókòó sí Abẹ́òkúta tó lè yọ ọwọ́ PayPal kúrò lórí àkáǹtì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gba NIN yín, àwòrán ojú yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì yín, kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ míì, kí wọ́n sì ní àwọn ti tún un ṣe. Fóònù kan náà, káàdì kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì kan náà: ẹ̀rọ yóò so ó pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Bí owó bá sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ 180 mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn bó bá dáa ni. Bí kò bá dáa, wọn yóò fi ojú àti NIN yín gba owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá yóò wá kàn. Bí ẹ bá ti fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ pa á dà kí ẹ tó ka ìwé yìí tán.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni OPay, PalmPay, Moniepoint tàbí báńkì wa ńlé. Rárá. Níbí, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á dí owó jíjáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní PND, owó ṣì lè máa wọlé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn bá ara wọn nínú rẹ̀ torí CBN ní kí wọ́n dí àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Ẹni tó bá mú NIN lọ, wọ́n á tú u. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ni, ẹ bèèrè ìwé ilé ẹjọ́. Bí báńkì kò bá yanjú ẹ̀sùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà ni kí ẹ kọ̀wé sí. Tẹ̀gbọ́n tàbú​rò yín tó bá wà ní Amẹ́ríkà, tí irú èyí bá dé bá wọn, ọ̀dọ̀ CFPB, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ilé-iṣẹ́ owó níbẹ̀, ni kí wọ́n gbé e lọ.

Fún ọjà tí ẹ ń tà lọ́wọ́ báyìí, ẹ lọ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì yín, èyí tí wọ́n ń pè ní dọ́m, lórúkọ tó wà lórí NIN, kí ìyá olóde máa fi owó ránṣẹ́ tààrà. Ó lọ́ra, báńkì sì ń yọ owó lórí rẹ̀, mo mọ̀. Paystack, tí Stripe rà ní 2020, náà máa ń gba káàdì òkè òkun fún oníṣòwò Nàìjíríà tó bá fi ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀ ní CAC, ohun tí mo rò pé ó ti yẹ kí ẹ ṣe láti ìgbà tí aṣọ yín ti ń wọkọ̀ òfúrufú.

Mo ti bá yín ka ọjọ́. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọjọ́ 180 bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2025, Sátidé ni. Ẹ má retí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣí ímeèlì yín ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, kí ẹ wo inú àpótí àwọn ímeèlì tí a kò fẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Bí kò bá sí nǹkan kan títí di Fráìdé, ẹ fi ẹ̀dà complaint yín àti ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ kọ ti Ombudsman.